Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ń Gbà Ni Kí O Wò

Ọmọ mi, mo ti gba ìròyìn rẹ. O ní yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ́nù ti gbà ọ́ wọlé fún digírì kejì, pé ohun tí o fẹ́ lọ kọ́ ni bí ènìyàn ṣe ń sọ ilé àti ìlú di bó ṣe rí, àti bí ilé àti ìlú náà ṣe ń darí ènìyàn. Àwọn kan nínú ẹbí ti wá bá mi. Wọ́n ní irú ẹ̀kọ́ wo tilẹ̀ nìyẹn, ṣé ilé yíyà tí o fi ọdún gbọọrọ kọ́ ní Ifẹ̀ kò tó ọ ni? Mo ní kí wọ́n fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó mọ ilé yà kò wọ́n ní Nàìjíríà. Ẹni tó lè sọ ìdí tí ọjà kan fi ń kún fọ́fọ́, tí èkejì tí ìjọba náwó rẹpẹtẹ lé lórí sì di ilé aláǹgbá láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ń wá.

Jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó gba ọkàn mi jù. Àárín ilé sí ilé ni ìlú wà. Ojúde, ìkóríta, ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìn ilé aládùúgbò kọjá, abẹ́ igi tí àwọn bàbá ti ń ta ayò: ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń pàdé, ibẹ̀ ni ọjà ti ń tà, ibẹ̀ náà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ayàwòrán-ilé á fa ìlà ògiri títí, á sì gbàgbé pé ààyè tí ògiri yí ká ni onílé fẹ́ gbé. Bí ilé ṣe jìnnà tó sí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà, ìyẹn ló sábà máa ń sọ bóyá ẹni tó wà nínú rẹ̀ á rí ọjà tà. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ètò ìlú, ẹ̀yin tí ẹ kàwé gan-an ni mo rí pé ẹ ń gbójú fo èyí, torí kò hàn nínú àwòrán.

Ìwé tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé lé ọ lọ́wọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra, ni The Social Logic of Space, tí Bill Hillier àti Julienne Hanson kọ ní 1984. Hillier kú ní 2019, àmọ́ àwọn tó kọ́ ní University College London ṣì ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ìwé ọ̀hún ta kókó. Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́, nítorí ohun kan tí kò le wà nídìí rẹ̀: dúró lójú títì, kí o ka iye ẹnu ọ̀nà tí wàá gbà kọjá kí o tó dé yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé kan. Yàrá tó wà nítòsí títì àti èyí tó wà ní kọ̀rọ̀, wọn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, kì í sì í ṣe irú ènìyàn kan náà ló máa ń wà nínú wọn.

Dán an wò ní agbo ilé wa. Láti títì, o bọ́ sí ojúde. Ojúde kò ní ìlẹ̀kùn. Ewúrẹ́, àwọn tó ń kiri ọjà, ẹni tó ṣìnà, gbogbo wọn ló ń gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá, níbi tí baálé jókòó sí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. O kọjá rẹ̀, o bọ́ sí àgbàlá, níbi tí kànga wà àti ìkòkò tí wọ́n fi ń gbe omi òjò. Yàrá àwọn ìyàwó ilé ló yí àgbàlá ká, ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń dáná ló sì kẹ́yìn. Bàbá tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kò dìde, kò pe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọlé tàbí tó jáde tí kò rí. Ibi tó jókòó sí ló ń bá a ṣe àkóso. Wá wo ẹ̀yìnkùlé dáadáa. Bí ọ̀nà kékeré kan bá ti ibẹ̀ já sí ilé kejì, ìyàwó ilé lè gba ibẹ̀ lọ sọ́jà kó sì dé kí baálé tó mọ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ti dín agbára bàbá kù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Hillier àti Hanson fi ìṣirò sí i, wọ́n fi hàn pé ilé tí ènìyàn lè gba ọ̀nà méjì yí po nínú rẹ̀ yàtọ̀ gidigidi sí èyí tí ọ̀nà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ.

Fúlátì tí gbogbo wa sáré lọ ń gbé lónìí ńkọ́? Pálọ̀ kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, yàrá tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, gbogbo ìlẹ̀kùn ló wà ní títì. Bàbá kò rí ẹni tó wọlé mọ́. Mẹ́gáàdì tó jókòó sẹ́nu géètì ló jogún ipò baálé, òun ló mọ ẹni tó wá kí ta, ìgbà tó dé àti ìgbà tó lọ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Akin Mabogunje ti kọ Yoruba Towns ní 1962, ó tún kọ Urbanization in Nigeria ní 1968. Afolabi Ojo kọ Yoruba Palaces ní 1966. Ṣé o rí i pé wọ́n ti ń sọ ọ́ kí ìwé Hillier tó jáde? Ààfin wà láàárín, Ọjà Ọba wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà tó lọ sí ìlú mìíràn ti ibẹ̀ tú ká, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ní ìjòyè rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń sọ nígbà náà pé Yorùbá kò ní ìlú, pé abúlé ńlá ni gbogbo wọn, Mabogunje ló dá wọn lóhùn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Vautrin Lud ní 2017, èyí tó ga jù láàárín àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, ó sì papò dà ní 2022. Ìwé tirẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kì sínú àpò kí o tó di aṣọ òtútù.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn olùkọ́ rẹ lè má rántí sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Adedokun Adeyemi wà ní Manchester ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó ń kọ́ ilé yíyà. Ó rí i pé ilé ti ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ń kọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ olóoru lòun ń padà sí. Kò dákẹ́. Ẹ̀hónú rẹ̀ ló bí ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní University College London ní 1953 lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé ẹ̀kọ́ Architectural Association dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún irú ilé kíkọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1971 ẹ̀ka náà kó lọ sí University College London, títí dòní wọ́n ń pè é ní Development Planning Unit. Nítorí náà, tí o bá dé kíláàsì tí wọ́n ń fi ìlú wọn ṣe òdiwọ̀n gbogbo ìlú ayé, na ọwọ́ rẹ sókè kí o bèèrè.

Wàyí o, ìtàn tí mo fẹ́ kí o mú lọ jù lọ ni ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn jà ní Èkó ní àwọn ọdún 1920, èyí ló mú kí ìjọba òyìnbó dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí LEDB. Nígbà tó di 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó. Mi ò ní parọ́, ibẹ̀ ti há. Ilé gun orí ara wọn, gọ́tà ń rùn, ẹni mẹ́fà lè sùn sí yàrá kan. LEDB kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè, wọ́n kó àwọn tí wọ́n wó ilé wọn gba Ẹ̀bùté Mẹ́ta kọjá lọ síbẹ̀. Omi wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, atẹ́gùn ń fẹ́. Bí o bá fi àwòrán méjèèjì hàn mí láìjẹ́ pé mo mọ ohunkóhun, Sùúrùlérè ni n bá mú.

Òyìnbó kan, Peter Marris, wá sí Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó ń wọlé tọ àwọn ìdílé lọ, àwọn tó ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti àwọn tí wọ́n ti kó lọ. Ó tẹ ìwé rẹ̀, Family and Social Change in an African City, jáde ní 1961. Wá ìwé yẹn kà ju gbogbo èyí tó ní àwòrán aláràbarà lọ. Ohun tí Marris gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé ilé dára, ṣùgbọ́n owó kò wọlé mọ́. Ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò san owó ṣọ́ọ̀bù, kò wọ mọ́tò, àwọn èrò tó ń lọ sọ́jà tó ń bọ̀ lọ́jà ló ń kọsẹ̀ lára igbá rẹ̀. Ní Sùúrùlérè, ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀ kò já síbi kankan. Ará àdúgbò nìkan ló ń gbà á, àwọn yẹn sì ti ra ohun tí wọ́n fẹ́ ní ìlú kí wọ́n tó wọ mọ́tò bọ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ náà, télọ̀ àti káfíńtà, oníbàárà wọn kù sẹ́yìn afárá. Ọ̀pọ̀ ló ti ń gbé ilé ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá di ayálégbé tó ń san owó ilé, tó tún ń san owó mọ́tò lọ síbi iṣẹ́.

Èyí tó dùn mí jù nínú ìwé náà ni ti ẹbí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, o lè kí ìyá rẹ láàárọ̀ kí o tó lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ wo ọmọ, kí àwọn ọkùnrin ilé pàdé ní ìrọ̀lẹ́ láti parí ìjà. Ẹsẹ̀ díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó di owó mọ́tò, ìkíni ojoojúmọ́ di ti ọ̀sẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ sì di ti ìnáwó. Àwọn arúgbó tí ọmọ ń ti ọwọ́ bọ àpò fún bó bá ti ń kọjá lọ, ta ló fẹ́ wọ mọ́tò wá fún wọn ní owó ọbẹ̀ lójoojúmọ́?

Má rò pé ọ̀rọ̀ adúláwọ̀ nìkan nìyẹn. Michael Young àti Peter Willmott, tí wọ́n jọ wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí kan náà pẹ̀lú Marris ní Bethnal Green ní Lọ́ńdọ́nù, ti kọ Family and Kinship in East London ní 1957. Àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó kúrò ní Bethnal Green lọ sí ilé tuntun ní Essex, tí wọ́n fún ní ọgbà òdòdó, ẹkún kan náà ni wọ́n sun: ọmọbìnrin kò rí ìyá rẹ̀ mọ́. Tí o bá ti dé Lọ́ńdọ́nù, wọ rélùwéè kí o lọ fi ẹsẹ̀ rìn láàárín ibi méjèèjì.

Àwọn kan á wí fún ọ pé Sùúrùlérè ti dùn lónìí, pé ká sọ pé LEDB jàre. Sùúrùlérè dùn lóòótọ́. Rìn gba títì Adéníran Ògúnsànyà lọ, kí o tún yà sí Òjúẹlẹ́gbà. Àmọ́ wo ilé náà dáadáa: àwọn tó ń gbé inú wọn ló wó fẹ́ǹsì, tí wọ́n fọ́ ògiri iwájú, tí wọ́n sọ pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọta sí ibi tí òdòdó yẹ kó wà. Iṣẹ́ tí ayàwòrán-ilé kò ṣe ni wọ́n fi òòlù ṣe fúnra wọn, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ní July 1990 tí ìjọba ológun wó àdúgbò Màrókò ní Èkó, wọn ò tiẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn náà ní ògiri tí wọ́n máa fọ́.

Ní ti iṣẹ́ ìwádìí gan-an, kíkà ni. Wàá dúró sójú kan, wàá fi ọkàn fa ìlà kan sórí ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, wàá máa ka ẹni tó bá kọjá ìlà yẹn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọmọdé lọ́tọ̀. Wàá bọ́ sí ibòmíràn, wàá tún kà. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó ń sú ènìyàn, àmọ́ òun ló ń fọ́ ẹnu olóṣèlú. Gbàgede Trafalgar ní Lọ́ńdọ́nù, ọkọ̀ ló yí i ká tẹ́lẹ̀. Àlejò ló ń jókòó láàárín pẹ̀lú ẹyẹlé, ará ìlú á gba etí rẹ̀ kọjá. Ilé iṣẹ́ Space Syntax tọ ipasẹ̀ àwọn ènìyàn, wọ́n ya ọ̀nà tí kálukú gbà sórí ìwé. Àwòrán yẹn wà lára ohun tó mú kí ayàwòrán-ilé Norman Foster àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn gbàǹgbà sí àárín, tó so gbàgede náà mọ́ iwájú National Gallery, tí wọ́n sì lé ọkọ̀ kúrò lápá àríwá. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2003. Lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn lọ́jọ́ kan tí òòrùn bá ràn.

Kí o tún wá ronú padà sí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Èkó. Wọ́n á kọ́ ọ sórí òpópónà márosẹ̀, ènìyàn á gba abẹ́ rẹ̀ sáré kọjá, agbófinró á máa mú wọn. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n kí o tó pè wọ́n ní aláìgbọ́ràn, gbé igbá búrẹ́dì Àgége lé orí, kí o gun àtẹ̀gùn yẹn. Wo ibi tí dánfó ti já èrò sílẹ̀. Wo ibi tí èrò ń lọ. Bí afárá bá wà níbi tí ó rọ àwọn kọ́ńtírátọ̀ lọ́rùn, tí ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀, kí lo fẹ́ kí ẹlẹ́rù ṣe?

Ọ̀nà ìwádìí kan tún wà tí wọ́n fi ń tẹ̀ lé ènìyàn lẹ́yìn láìjẹ́ kó mọ̀. Ní Lọ́ńdọ́nù, kò burú. Má dán an wò ní Ìdúmọ̀tà. Bí obìnrin kan bá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì tó rí ọ pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, wọ́n á pariwo gbọ́mọgbọ́mọ lé ọ lórí, àwọn tó sì máa kọ́kọ́ dé kì í ṣe ọlọ́pàá. Ìyálọ́jà ni kí o kọ́kọ́ lọ kí, kí o kúnlẹ̀ dáadáa, kí o ṣàlàyé ara rẹ.

Ẹ̀rọ depthmapX tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò Hillier àti Hanson yẹn lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ibi tó ti máa ń gbé ènìyàn ṣubú ni máàpù tí wọ́n fi bọ́ ọ. Máàpù tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ títì tí mọ́tò ń gbà. Ní Ọjẹ́ tàbí Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà jù ni èyí tó wà láàárín agbo ilé sí agbo ilé, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá pàápàá kò lè wọ̀. Bí o kò bá fi ẹsẹ̀ rìn ín kí o yà á fúnra rẹ, kọ̀ǹpútà á fún ọ ní àwòrán aláwọ̀ pupa àti búlúù tó jojú ní gbèsè, irọ́ pátápátá ni yóò sì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tún ń yí ibi kan padà. Ẹni tó lọ sí Ọjẹ́ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà aṣọ òkè, kò tíì rí Ọjẹ́. Lọ́jọ́ Orò ní Ìkòròdú, ọ̀nà tí ìṣirò rẹ sọ pé ó kún jù ní ìlú, kò ní sí obìnrin kan níbẹ̀. Àgbèrò lè jókòó sí ìkóríta kan kí gbogbo èrò yí gba ibòmíràn. Ẹ̀rọ kò mọ ẹ̀rù, kò mọ èèwọ̀. Ìwọ mọ̀ ọ́n, o sì gbọ́ èdè àwọn tó o fẹ́ bi léèrè; àlejò lójú, kò fi ríran, ìwọ kì í ṣe àlejò níbí.

Lórí owó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àjèjì pọ̀, náírà wa sì mọ bó ṣe wà. Má jẹ́ kí bàbá rẹ ta ilẹ̀. Kọ̀wé fún ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ Chevening àti Commonwealth. Ti Chevening, ó kéré tán o gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì, wọ́n á sì ní kí o padà sílé fún ọdún méjì, èyí kò pa ọ́ lára. Láti January 2024, ẹni tó lọ sí Ìlú Ọba láti ṣe irú digírì kejì tí wọ́n ń jókòó ní kíláàsì kọ́ kò lè kó ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lọ mọ́, nítorí náà jẹ́ kí ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ ti sọ ọ́ yanjú. Bí owó kò bá sí rárá, yunifásítì Ifẹ̀ ń bẹ, ti Ìbàdàn ń bẹ, ti Àkọkà ń bẹ, ìwé Marris ò sì yàtọ̀ níbi tí ènìyàn bá ti kà á.

O bi mí lóhun tí o lè fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, rélùwéè Èkó ni n bá mú. Ti aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 2023 láti Marina dé Mile 2, ti aláwọ̀ pupa tẹ̀ lé e ní October 2024 láti Agbádò dé Ọyìngbò. Ẹsẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ti yà kúrò ní ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn wo ni ọ̀nà tuntun yìí gbà kọjá níwájú ọjà wọn, àwọn wo ló sì fi sílẹ̀ lẹ́yìn? Lọ sí Ọyìngbò kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ìyá tó ń ta ògì àti àkàrà nítòsí ẹnu ibùdó ni kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kó o tó mú ìwé jáde. Ó mọ wákàtí tí èrò ń ya wọlé, ó mọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń gbà, ó sì mọ ìdí tí òun fi kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ra tìrẹ jẹ níbẹ̀ kí o tó bi í.